Òṣùpá àti Àtùpà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Òṣùpá lé, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kí ó lọ tún un ṣe." Àwọn tí kì í rí ohun rere nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni a ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un gbé yẹ̀ wò, a ó rí i pé ó ń sọ nǹkan mìíràn fún wa nípa àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jáde síta láti wo oṣù nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni wọ́n. Wọ́n mọ ìgbà tí ó gún, wọ́n mọ ìgbà tí ó tẹ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Mo ń bi ara mi léèrè pé, nínú àwa tí a ń gbé inú ìlú ńlá lónìí, ènìyàn mélòó ni ó lè sọ, láì wo kàlẹ́ńdà, bóyá oṣù wà lójú ọ̀run lálẹ́ àná tàbí kò sí níbẹ̀?

Èmi gan-an kò lè sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó là mí lójú ni alẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 2018. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ayé bọ́ sí àárín oòrùn àti òṣùpá, òjìji rẹ̀ sì bo òṣùpá pátápátá fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 43. Kò sí òmíràn tí yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí. Ní ilẹ̀ wa, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ títí di aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni. Mo gbé àga kan jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Oṣù Keje kì í ṣe oṣù tí ojú ọ̀run ń mọ́ ní ìhà tiwa. Àwọsánmà ń wọ́ lọ, ó ń wọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá yà, mo ń rí òṣùpá ní ìlà-oòrùn, tí ó pọ́n bí epo inú àwo. Ní ìwọ̀-oòrùn, ìràwọ̀ ńlá kan ń tàn lókè òrùlé, ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ọmọkùnrin aládùúgbò mi kan, tí kò ì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, yọ orí lókè ògiri. Ó ní, "Bàbá, ẹ káalẹ́ o. Kí ni ẹ ń wò?" Mo fi òṣùpá hàn án. Ó wò ó títí, ẹnu yà á. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní, "Ìyẹn ńkọ́, sà? Kí ni orúkọ ìràwọ̀ yẹn?" Mo dá a lóhùn pé Venus ni. Ó ní, "Orúkọ òyìnbó nìyẹn, sà. Kí ni àwa ń pè é?"

Ahọ́n mi wúwo. Mo sọ fún un pé yóò gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ tán lórí ibùsùn mi ni òwe kan tí mo ti pa láìmọye ìgbà ní ibi ìpàdé àti ibi ìyàwó sọ sí mi lọ́kàn: "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Àgùàlà! Òun ni ìràwọ̀ náà. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń pe orúkọ yìí, n kò sì bi ara mi léèrè rí ibi tí olórúkọ ń gbé. Mo mọ òwe, mo mọ ìtumọ̀ òwe, ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń tọ́ka sí wà lókè orí mi, n kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí odidi ìran kan? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òṣùpá jẹ́ fún àwọn baba wa. Èdè wa ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe oṣù ojú ọ̀run àti oṣù tí a fi ń ka ọdún, nítorí pé lójú wọn, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n. Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò lé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀. Aboyún ń fi í ka ìgbà tí yóò bímọ, àgbẹ̀ ń fi í ka ìgbà tí ohun ọ̀gbìn yóò gbó. Wọ́n sì fún èyí tí ó bá kún ní orúkọ tí ó jẹ́ àkíyèsí pípé: òṣùpá àrànmọ́jú, èyí tí ó ń ràn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì rí. Ní ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, ó kọjú sí oòrùn láti òdìkejì ayé, nítorí náà bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni òun ń yọ, bí oòrùn bá sì ti ń yọ ni òun ń wọ̀. Láti ọjọ́ kejì, yóò máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lálaalẹ́ kí ó tó yọ. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní àrànmọ́jú ti ṣọ́ ọ di òwúrọ̀ kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Àlejò ni ẹlẹ́rìí kejì. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1857 lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ṣàpèjúwe ọjà alẹ́ ní àwọn ìlú wa. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí kò bá sí òṣùpá, obìnrin kọ̀ọ̀kan a tan fìtílà kékeré tirẹ̀, tí ẹni tí ó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè yóò fi rò pé ìràwọ̀ tí kò níye ni òun ń wò. Àfiwé dáadáa ni, ṣùgbọ́n gbólóhùn kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó dá mi dúró: tí kò bá sí òṣùpá. Ìyẹn ni pé ní alẹ́ tí òṣùpá bá wà, ẹnikẹ́ni kò ní fi epo ṣòfò. Epo pupa tí a ń dà sínú fìtílà náà ni a fi ń se ọbẹ̀. Bí a kò bá lo epo, àdí tàbí òrí ni, gbogbo wọn ni ó sì ní iṣẹ́ mìíràn nínú ilé. Òṣùpá ni ọ̀gá nígbà náà, fìtílà ni adelé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "fìtílà" pàápàá, àlejò ni láàárín wa: láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti gba ilẹ̀ Haúsá kọjá dé ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n òṣùpá kì í ṣe ohun ìtànmọ́lẹ̀ nìkan. Ojúde agbo ilé ni ilé ẹ̀kọ́ wa, òṣùpá ni ó sì ń lu agogo rẹ̀. Bí oṣù bá ti lé tó ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti tó í fi mọ ojú ẹni, àwọn ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àwọn kan a máa ṣe bojúbojú, àwọn kan a máa ṣe ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa ja ìjàkadì. Àwọn àgbà náà a tẹ́ ẹní, ọwọ́ wọn kì í sì í dilẹ̀: àwọn kan ń bó ẹ̀gúsí, àwọn ìyá arúgbó ń ran òwú. Nígbà tí eré bá sú àwọn ọmọ, wọn a kó jọ sí ẹsẹ̀ àgbà kan. Àlọ́ àpamọ̀ ni a fi ń là wọ́n lóye ná, kí ó tó kan àlọ́ àpagbè. Àwọn àgbà kì í gbà kí a máa pa àlọ́ lójú ọ̀sán, nítorí ọ̀sán wà fún iṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtàn Ìjàpá àti ìtàn orírun ìdílé, orúkọ ìràwọ̀ àti ìwà ọmọlúwàbí, abẹ́ òrùlé kan náà ni a ti ń kọ́ wọn, òrùlé náà sì ni ojú ọ̀run. Ní ọ̀sẹ̀ tí òkùnkùn bá ṣú, ilé ẹ̀kọ́ a gba ìsinmi. Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà kò ní aago, síbẹ̀ ó mọ alẹ́ tí a óò jókòó pẹ́ àti alẹ́ tí a óò tètè sùn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin òkùnkùn. Àwọn tí wọ́n gbé ayé ní ìgbà Ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 títí di 1893, mọ ohun tí òru ń mú wá. Òkùnkùn ni ìgbà ejò àti àkeekèe, ìgbà olè àti ìgbà ẹni tí ń jí ènìyàn gbé. Bí òṣùpá àrànmọ́jú ṣe ń dùn mọ́ wọn tó, ó dùn nítorí pé àwọn alẹ́ yòókù le. Èmi náà sì ti jẹ nínú oore àtùpà: abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kàwé tí mo fi yege ìdánwò. Ẹni tí ó bá ní kí a pa iná ilé ìwòsàn nítorí kí a lè rí ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ́ sí èsì.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó dé ń fà wá wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo òyìnbó tí à ń pè ní kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ epo pupa, àtùpà onígíláàsì sì wọ iyàrá. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, iná mànàmáná ti dé Èkó. Ní ọdún 1950 ni ìjọba dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀. Ní ọdún 1969 ni wọ́n ṣí ìsédò Kainji lórí odò Ọya. Ohùn náà wọlé tẹ̀lé iná: asọ̀rọ̀mágbèsì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àwòrán tẹ̀lé ohùn: ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àtùpà a máa kó ènìyàn jọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjú sí i, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ojú ọ̀run.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àwọn ọmọdé kan tí wọ́n pè ní Tales by Moonlight, ìyẹn ni àlọ́ abẹ́ òṣùpá. Ètò gidi ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì tipasẹ̀ rẹ̀ gbọ́ àlọ́ tí wọn kì bá tí gbọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: inú pálọ̀ ni àwọn ọmọ jókòó sí, tí iná ń tàn, tí fèrèsé sì wà ní títì, tí wọ́n ń wo àlọ́ abẹ́ òṣùpá, tí òṣùpá gan-an wà lóde tí ó ń ràn fún ara rẹ̀. Bí iná bá lọ, ìgbà náà ni gbogbo ilé ń rántí ojúde. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré wọ àdúgbò, tí ilé kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀, ààyè kékeré yẹn pàápàá dí, ariwo sì kún un.

Síbẹ̀, òṣùpá kò tíì di àjèjì ní ọdún 1969. Ní oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Neil Armstrong àti Edwin Aldrin, fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ ń jẹ́ Apollo 11. Ní àkókò yẹn gan-an ni àìsàn ojú kan ń jà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ojú ń pọ́n, tí ó ń ta, tí ó sì ń ran ara ilé. Kíá ni a fún un ní orúkọ: àpólò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé títẹ̀ tí wọ́n tẹ òṣùpá ni ó fà á. Kòkòrò àìlèfojúrí ni ó fà á ní tòótọ́, àìsàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Accra ní oṣù Kẹfà, kí ọkọ̀ náà tó gbéra. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí ṣẹ̀sín àwọn ará àtijọ́. Lójú tèmi, ó fi hàn pé òṣùpá ṣì súnmọ́ wọn bí ìbátan, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé ohun tí a bá fi ṣe é lè padà wá bá ojú wọn. Títí di òní, ọmọ kékeré ní Ìbàdàn mọ àpólò. Ṣùgbọ́n bi í léèrè ohun tí àgùàlà jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ohun tí a pàdánù kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. A rò pé àtùpà ni òṣùpá. Nígbà tí a rí àtùpà tí ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ, a dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe fún wa. Iná mànàmáná gba iṣẹ́ ìtànmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gba iṣẹ́ olùkọ́. Kò sẹ́ni tí a fi sí ipò yẹn.

Ní ọdún 1894, A. B. Ellis, ọ̀gágun kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá. Nínú rẹ̀ ni mo ti kà pé àwọn baba wa ń pe ìràwọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sirius ní Ìràwọ̀-ọkọ̀, nítorí pé òun ni ó ń tọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ́nà. Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Ìyá àgbà mi a máa na ọwọ́ sí ojú ọ̀run, ó ń dárúkọ. Èmi ń fi etí kan gbọ́, mo ń fi èkejì gbọ́ ariwo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń ṣeré. Ohun tí ó yẹ kí n ti gbà lẹ́nu rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, inú ìwé àjèjì ni mo ti lọ rí i ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó ti wọ káà ilẹ̀ sùn.

Òwe àgùàlà yìí náà tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú. Bí àgùàlà àti oṣù tuntun bá pàdé ní ìwọ̀-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́, ojú a máa rí wọn bí ẹni tí ó fa ajá lọ́wọ́. Òwe kò sọ pé ajá rẹ̀ ni. Ó ní wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ọlọ́gbọ́n tí ó pa á ti ṣọ́ àwọn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, ó ti rí i pé ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn pọ̀, tí oṣù á sì bá tirẹ̀ lọ, tí àgùàlà á dúró sí àyè tirẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí kìlómítà 384,000, àti pé àgùàlà, nígbà tí ó bá tilẹ̀ súnmọ́ wa jù lọ, ṣì jìnnà ju ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Oòrùn ni ó ń yí po, kì í ṣe ìránṣẹ́ oṣù. Ohun tí ẹ̀rọ ìwo-ọ̀nà-jíjìn wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ojú lásán ti fura sí i láti ojúde.

Gbogbo rẹ̀ kò tíì parẹ́. Nígbà tí àwẹ̀ Ràmàdáánì bá ń bọ̀, àwọn Mùsùlùmí ṣì ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti wá oṣù. Àwọn Krìstẹ́nì pàápàá, bí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ fiyè sí i, òṣùpá ni ó ń yan ọjọ́ Àjíǹde fún wọn: ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21, oṣù Kẹta. Ibi tí ilé wa wà sì jẹ́ ibi oore. Ìbàdàn kò ju ìwọ̀n 7 àti díẹ̀ lọ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, nítorí náà ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ níbẹ̀ ń rí púpọ̀ nínú ìràwọ̀ àríwá àti ti gúúsù pọ̀. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, Ìràwọ̀-ọkọ̀ a máa ga sókè lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, òun ni ó sì mọ́lẹ̀ jù nínú àwọn ìràwọ̀ òru, bí a bá yọ àgùàlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń yí oòrùn po kúrò. Ní oṣù Karùn-ún, bí òjò bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú sánmà, ìràwọ̀ mẹ́rin kan a yọ bí àgbélébùú ní ìhà gúúsù. Wọn kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí a pa iná ẹ̀yìnkùlé, kí a fún ojú ní ìṣẹ́jú 20 láti mọ òkùnkùn lára, ó tán.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ fún ọmọ náà ní ọjọ́ kejì. Mo sọ orúkọ àgùàlà fún un, mo sì pa òwe rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di aṣọ́dẹ ojú ọ̀run ní àdúgbò wa. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, òun ni ó wá kan ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ti kẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jáde wá wò ó o." Òṣùpá ti yọ, òjìji ayé ti bò ó kí ó tó yọ, ó pọ́n rúsúrúsú lókè àwọn òrùlé. A wò ó títí ìmọ́lẹ̀ fi padà sí etí rẹ̀ kan nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bi í pé àgùàlà ńkọ́. Ó wo ìwọ̀-oòrùn, kò rí i, ó wá kọjú sí mi.

Mo ní kò tíì sọnù. Ó ti kọjá sí apá kejì oòrùn, ìdájí ni ó ń yọ báyìí. Kí àwọn méjèèjì jí ní aago márùn-ún, kí wọ́n wo ìlà-oòrùn.